Àlàájà Orí Ògiri

Tí wọ́n bá ní kí Nafúsà wọ inú ihò eku lọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú bí ìdí rẹ̀ ṣe tóbi tó, ì bá gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́nu àdúgbò wọn ní Kénà, nílẹ̀ Íjíbítì, àpò lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbójú sókè, ó sì rí ara rẹ̀ lára ògiri.

Kì í ṣe àwòrán kékeré o. Gbogbo iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti kùn, láti ìpìlẹ̀ títí dé òkè. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan wà níbẹ̀ tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ń fò lórí ọkọ̀ ojú omi, bí ẹni pé ènìyàn kan lè wọ méjèèjì lọ sí ibì kan náà. Ràkúnmí mẹ́ta, igi dábínù, kìnnìún tó di idà mú, Káábà, ilé mímọ́ Mẹ́kà, dúdú bí èédú láàárín. Lẹ́bàá Káábà ni obìnrin kan kúnlẹ̀ sí nínú aṣọ funfun, ó tẹ́ ọwọ́ àdúrà, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbàdí agbọ́n. Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÀLÀÁJÀ NAFÚSÀ, ÌYÁ RÁGÍBÙ. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ará àdúgbò ti ti ọwọ́ bọ aró, wọ́n sì ti tẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kàndínlógójì, látorí ọmọ ọwọ́ dórí arúgbó.

"Mo gbé," ni Nafúsà wí.

Ohun tó fi gbé náà rèé: kò dé Mẹ́kà. Kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀.

Ó dé èbúté Sàfágà o, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń wọkọ̀, gbogbo ìwé rẹ̀ pé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ike kan wà nínú ẹrù rẹ̀ tí kò fi han ẹnikẹ́ni. Fẹ̀síkì ló wà níbẹ̀, ẹja tí wọ́n ń fi iyọ̀ pa mọ́ títí yóò fi rà, tí òórùn rẹ̀ lè lé àna burúkú kúrò nílé, tí ará Íjíbítì kan kì í sì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí itọ́ má yọ lẹ́nu rẹ̀. Nafúsà rò ó pé odidi oṣù kan lòun yóò lò níbi tí wọn kò ti ní í rí i jẹ. "Kí n kúkú jẹ ẹ́ tán kí n tó wọkọ̀," ló wí, "kí n má baà máa rántí rẹ̀ lórí ìrun." Ó jẹ odidi mẹ́ta pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mi ò lè bú u. Èmi alára, ẹja yẹn ti sọ mí di ẹni tó ń sáré la àárín ọjà kọjá, tó fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ikùn Nafúsà ti ń sọ èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí. Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè, orí ṣálángá ilé ìwòsàn ló wà. Ó gbọ́ fèrè náà ketekete. Kí ló fẹ́ ṣe sí i?

"Màmá, ẹni tí Ọlọ́run bá pè ló ń lọ," ni nọ́ọ̀sì fi ń tù ú nínú.

"Ọlọ́run pè mí," ni Nafúsà dáhùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìdí mi ni kò jẹ́ kí n jẹ́ E."

Ojú tì í débi pé ó fara pa mọ́ sílé ìbátan olóògbé ọkọ rẹ̀ ní Sàfágà, títí tí àwọn tó lọ fi padà. Rágíbù ọmọ rẹ̀ wà ní Kùwétì, kò mọ nǹkan kan. Nínú bọ́ọ̀sì, Nafúsà ti ṣètò bí yóò ṣe ròyìn ara rẹ̀: yóò sọ ti ẹja, wọn yóò rẹ́rìn-ín, òun náà yóò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yóò parí, ó tún di ọdún mìíràn. Ó gbàgbé àṣà Kénà. Wọn kì í dúró kí ẹni tó lọ sí Mẹ́kà dé kí wọ́n tó kun ilé rẹ̀. Ìgbà tó bá wà lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kùn ún, kó lè jẹ́ ògiri ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ta ló máa rò ó pé ẹni tí wọ́n fi igbe ayọ̀ sìn dé ìdí bọ́ọ̀sì lè má dé ibi tó ń lọ?

"Àlàájà dé o!"

Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin fi ahọ́n ké igbe ayọ̀ tó ń di ènìyàn létí. Wọ́n gba àpò lórí rẹ̀, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi ná," ni Nafúsà wí. "Ẹ dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́—"

"Ẹ fi Àlàájà lọ́rùn sílẹ̀! Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe rù ni?" Wídádì ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó ilé kejì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé.

"Rírù kẹ̀? Èmi?"

Kó tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan ti ki àkàrà dídùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bíṣáì ayàwòrán dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀dà aró ní irùngbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Kìrìsìtẹ́nì ni Bíṣáì. Bàbá rẹ̀ ló kun ilé gbogbo àlàájì àdúgbò náà, òun ló sì jogún iṣẹ́ náà.

"Ìyá Rágíbù, ṣé ẹ rí ara yín?"

"Mo rí i, Bíṣáì. Ìbàdí ta lo jí gbé wá fún mi?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn tó yẹ kó gbà jáde. Nafúsà rí i tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ni Inṣíráhà bá dé.

Ogójì ọdún ni Inṣíráhà àti Nafúsà ti jọ ń sá ìyẹ̀fun búrẹ́dì sóòrùn kó wú, tí wọ́n jọ ń bú àwọn ọkọ wọn níbẹ̀ títí àwọn ọkọ náà fi kú. Awọ funfun ti bo ẹyinjú Inṣíráhà méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ ló kù tó ń rí, bí ẹni tó ń wo ayé láti inú igbá wàrà. Síbẹ̀, òun ló lọ aró tí wọ́n fi kun ògiri náà, ó ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kúnná. Ó táràrà wá, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún Nafúsà mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ara rẹ̀.

"Ọwọ́ tó kan Òkúta Dúdú Káábà rèé," ló wí. "Ọ̀rẹ́ mi, gbàdúrà fún ojú mi. Títí ogójì ọjọ́, àdúrà àlàájì kì í padà."

Gbogbo àdúgbò tẹ́ ọwọ́. Nafúsà wo àwọn ọwọ́ náà, àkàrà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọlọ́run á là á," ló wí.

"Àmín!"

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, ni ilẹ̀kùn bá pa dé.

"Omi mímọ́ Sàmùsámù tí o bá mi bù ní Mẹ́kà ńkọ́?" ni Inṣíráhà tún bi í. "Mo mọ̀ pé o ò lè gbàgbé mi."

Nafúsà wọlé. Ó wá ibi tí òun lè gbà sá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé náà ní, ọgọ́ta ènìyàn ló sì dúró síbẹ̀. Amù rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, omi tó pọn kó tó lọ ṣì kù nínú rẹ̀. Ó wo amù, amù wò ó. Ó bu omi inú rẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, ó gbé e jáde. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé kí àwọn ènìyàn lè túká ni, tó bá di ọ̀la òun á sọ òótọ́.

Ọ̀la dé, ó kọjá. Ọ̀la mìíràn náà dé.

Tó bá jáde, abẹ́ àwòrán yẹn ni yóò gbà. Tó bá wọlé, abẹ́ rẹ̀ náà ni. Àwọn tó ń jà gbé ẹjọ́ wá bá a, nítorí wọ́n ní ẹni tó dúró gbàdúrà lórí òkè Àráfà kì í ṣègbè. Olùkọ́ kan kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá wo ògiri náà, wọ́n jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń ya ràkúnmí. Ilé márùn-ún ti sọ fún Bíṣáì pé àwọn náà fẹ́ kun ògiri tiwọn, ẹni tó lọ sí Mẹ́kà àti ẹni tí kò lọ, kí àdúgbò lè rẹwà láti ìkangun dé ìkangun. Àwọn ọmọdé ní kí ó sọ bí Mẹ́kà ṣe rí, ohun tó sì rí ní Sàfágà ló ń sọ fún wọn.

"Àlàájà, ṣé òkun wà ní Mẹ́kà ni?" ni ọmọbìnrin kan bi í.

"Ó wà lẹ́yìn odi."

"Olùkọ́ wa ní kò sí."

"Ṣé olùkọ́ yín ti débẹ̀?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó wọlé lọ ti ilẹ̀kùn, ó fi orí gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè jẹun mọ́. Láti inú ilé, kò rí àwòrán náà, ṣùgbọ́n òórùn ọ̀dà ń wọlé bá a láti ara ògiri, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kúnlẹ̀ lé òun lọ́rùn. Obìnrin yẹn ló ni ilé báyìí. Òun ni wọ́n ń kí, òun ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Nafúsà kàn ń bá a gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni.

Ìgbà méjì ni Inṣíráhà ti padà wá bu omi sí ìgò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Wídádì wọlé wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyàwó ọmọ Inṣíráhà ni.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ ṣí ojú wọn nílé ìwòsàn. Oṣù mẹ́jọ la ti ń dúró de ọjọ́ yẹn! Dókítà ní tó bá ti kọjá ọdún yìí, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n wá ní àwọn ò lọ mọ́."

"Kí ló dé tí kò lọ?"

"Wọ́n ní omi yín ti ń ṣiṣẹ́."

Nafúsà dìde. Ó tẹ̀lé Wídádì dé ilé kejì. Ó bá Inṣíráhà lórí àkéte, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń kán omi amù sójú bí ẹni tó ń kán oyin.

"Inṣíráhà, lọ bá dókítà."

"Kí n lọ ṣe kí ni?"

"Ṣe méjèèjì pọ̀. Omi kò ní kí dókítà má ṣiṣẹ́."

"Háà! Ìwọ Nafúsà? Kí n gba oògùn Ọlọ́run tán, kí n tún wá lọ bá ẹni tó mú ọ̀bẹ dání pé kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Ọlọ́run mọ iṣẹ́ ẹ̀? Ìwọ tó o dúró ní Àráfà lò ń sọ báyìí?"

"Omi náà... ó lè jẹ́ pé ó ti bà jẹ́ lójú ọ̀nà. Oòrùn mú nínú ọkọ̀."

"Tí ó bá bà jẹ́, ọwọ́ rẹ bà jẹ́ ni? Gbé e wá." Ó tún fa ọwọ́ náà mọ́ ojú. "Mo ti ń rí ìmọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Láàárọ̀ yìí, mo rí nǹkan pupa. Aṣọ Wídádì ni."

Nafúsà yí ojú wo Wídádì. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ bá Bíṣáì ní ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń kọ orúkọ apòògùn kan sí ara pákó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹja títí dórí omi amù. Bíṣáì kò rẹ́rìn-ín. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lójú kan lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọ̀dà fi kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Ìyá Rágíbù, ẹ padà sílé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bíṣáì, ojú Inṣíráhà máa fọ́."

"Ẹ wá ọ̀nà mìíràn mú un lọ. Ẹ purọ́ mìíràn. Ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n pa."

"Ó dùn mí, ṣùgbọ́n o sọ òótọ́."

"Ẹ má bínú." Ó sọ búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo. "Ọwọ́ mọ́kàndínlógójì ló wà lára ògiri yẹn, mà. Ọmọ tèmi náà tẹ ọwọ́ síbẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ? Wọn ò ní í sọ pé Nafúsà jẹ ẹja. Wọ́n á ní Bíṣáì Kìrìsìtẹ́nì ló fi Káábà ṣe yẹ̀yẹ́, ó yà á sára ilé ẹni tí kò débẹ̀. Bàbá mi kun ògiri méjìlélógún, kò sí èyí tó purọ́ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwòrán dúró bó ṣe wà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lọ, kó sì di òótọ́."

Nafúsà jáde níbẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn méjì. Tó bá sọ̀rọ̀, Bíṣáì gbé. Tó bá dákẹ́, Inṣíráhà fọ́jú. Lójú ọ̀nà, ẹni mẹ́fà kí i ní Àlàájà. Ó ka gbogbo rẹ̀, bí ẹni tó ń ka ẹgba.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti jókòó sí ibi tíì, tí àwọn obìnrin ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, Nafúsà jáde tòun ti garawa ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì olójú gbẹ̀rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹfun, ó gbé e sókè, ó sì kùn ún gbàràgàdà lé ojú obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbàdúrà.

"Yéè! Àlàájà ti ya wèrè!"

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn! Ẹ pe Bíṣáì!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí!" Ohùn Nafúsà máa ń dé òdìkejì odò tó bá fẹ́, ó sì fẹ́ lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ gbọ́ mi, gbogbo yín! Mi ò dé Mẹ́kà! Mi ò wọkọ̀! Fẹ̀síkì ni mo jẹ ní Sàfágà, ìgbẹ́ gbuuru ló dá mi dúró. Mo wà lórí ṣálángá, ọkọ̀ ń lọ! Omi tí mo fún Inṣíráhà, omi amù ilé mi ni. Ẹ̀rọ tí gbogbo yín ń pọn ni mo ti pọn ọ́n!"

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi tíì, ó gbé e mì. Bíṣáì ti dé, ó ń wo ẹfun tó ń ṣàn bo Káábà rẹ̀.

"Ẹ sì tún gbọ́ eléyìí," ni Nafúsà wí, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i. "Nígbà tí Bíṣáì ń kun ògiri yìí, kò mọ̀. Ohun tí ẹ sọ fún un ló kùn, ohun tí mo sọ fún yín lẹ sì sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú ènìyàn, èmi rèé. Mo tóbi, ẹ ò lè tàsé mi."

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀. Inṣíráhà ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ògiri bọ̀ láti ilé dé ilé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹfun tútù, ó dúró.

"Ibí yìí ni mo tẹ ọwọ́ mi sí."

"Mi ò tíì kan ti ìsàlẹ̀," ni Nafúsà wí. "Mi ò kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ọjọ́ mọ́kànlá, Nafúsà."

"Mo mọ̀."

"Mo sọ fún ọmọ mi pé mo rí pupa."

"Mo mọ̀, ọ̀rẹ́ mi."

"Mo rí i lóòótọ́!" Igbe ló fi sọ ọ́. "Ìwọ lo jẹ́ kí n máa rí i!" Ó nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà Nafúsà, ó nù ún dáadáa, títí ọwọ́ fi mọ́. Ó yí padà. "Wídádì, mú mi lọ sílé. Lọ bá mi fọ aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́la."

Àwọn ènìyàn tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíṣáì gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Nafúsà. Ó wo ògiri náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Obìnrin náà ti lọ, ìdajì Káábà ti lọ, ọkọ̀ méjèèjì ṣì ń lọ láìsí ẹni tó wọ̀ wọ́n.

"Ẹ̀yin ò mọ ẹfun kùn," ló wí. "Ẹ ti jẹ́ kó ṣàn." Ó gbé àkàbà wá, ó gùn ún lọ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa orúkọ tó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, jẹ́jẹ́. Nafúsà di àkàbà náà mú fún un.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Inṣíráhà jáde, Wídádì di apá rẹ̀ mú, ọ̀pá wà lọ́wọ́ kejì, wọ́n dojú kọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nafúsà ti ń ṣọ́ wọn láti ìgbà tí oòrùn ti yọ. Kò sẹ́ni tó kí i ní Àlàájà bó ṣe ń kọjá. Ẹnì kan pe "Ìyá Rágíbù" láìwo ojú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há. Ó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, kò sún mọ́ wọn ju ilé mẹ́ta lọ. Tí wọ́n bá dúró, á dúró. Tí wọ́n bá rìn, á rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ń na ilẹ̀ pẹ̀pẹ̀pẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, Inṣíráhà dúró. Kò wẹ̀yìn.

"Wídádì, ta ló ń mí bí abo ràkúnmí lẹ́yìn wa láti àárọ̀?"

Wídádì wo ẹ̀yìn.

"Èmi ni," ni Nafúsà wí.

Bọ́ọ̀sì kan wá, wọn kò wọ̀ ọ́, ó gbéra, ó lọ. Inṣíráhà bọ́ àpò tó fi há èjìká, èyí tí aṣọ àti búrẹ́dì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó nà án sẹ́yìn láìyíjú.

"Ó wúwo," ló wí. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Gbé e."

Nafúsà sáré gbé e.